Gàárì Tí Wọ́n Dì Mọ́ Kàsúmù Lẹ́yìn

Ajé, 1 Oṣù Kẹsàn-án, 2025

Ọjọ́-Iwájú tún ti kó nǹkan tuntun dé. Orúkọ tí mo sọ ọ́ nìyẹn láti ìgbà tó ti gba ilé ìtẹ̀wé yìí lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, torí kò lè sọ gbólóhùn méjì kó má pe "ọjọ́ iwájú" sí i. Ògúntádé àgbà, kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ ẹ, ìka ló fi ń mọ̀ bóyá íǹkì ti gbẹ. Ọmọ rẹ̀ ń fi fóònù wò ó.

Láàárọ̀ ó ní kí gbogbo wa wá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé bébà. Ó mú ọmọbìnrin kan dání, Dọlápọ̀ lorúkọ rẹ̀, láti ilé-iṣẹ́ kan tó ń yáni ní ẹ̀rọ. Ọmọ náà ò gbé tábúlẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sílẹ̀, kódà nígbà tó ń kúnlẹ̀ kí wa. Tábúlẹ́ẹ̀tì lèmi náà sọ ọ́. Ó ṣí àpótí. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tó máa bá ẹ̀yìn lọ, bẹ́líìtì fún ìbàdí, okùn fún itan méjèèjì, bátìrì kékeré kan. Wọ́n ní ó ń fi agbára kún agbára ènìyàn. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́, tó bá bẹ̀rẹ̀ mú ẹrù, ẹ̀rọ ló máa gbé e dìde. Ẹni tó ń gbé ríìmù bébà kan á máa gbé méjì.

Ohun tí mo rí ní tèmi, gàárì ni. Mo rí i rí nígbà tí mo mú Ameer ọmọ mi lọ sí yunifásítì ní Ìlọrin. Ẹ̀yìn ẹṣin ló wà níbẹ̀.

Wọ́n ní ta ló máa kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Kàsúmù ló nawọ́. Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta, ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ti ń gbé bébà níbí. Ó jáde bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fi joyè. Wọ́n so ó, wọ́n fà á mọ́ ọn lára, Ọjọ́-Iwájú pàtẹ́wọ́.

Èmi tí mo ń tọ́jú sítóò — bébà, íǹkì, pléètì — èmi ni wọ́n tún fún ní kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù tí gàárì á máa sùn sí. Ẹnìkan kàwé títí, ó wá di ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn mọ́ gàárì.

Ìṣẹ́gun, 2 Oṣù Kẹsàn-án

Kàsúmù ń rẹ́rìn-ín láti àárọ̀. Ẹ̀rọ náà ń kùn lẹ́yìn rẹ̀ bí eṣinṣin tó há sínú ìgò.

Ọjọ́bọ̀, 4 Oṣù Kẹsàn-án

Mo ti mọ̀ pé ibi tó ń lọ nìyẹn. Wọ́n lé Ràmọ́nì àti ẹnì kejì tí wọ́n jọ ń gbé ẹrù. Ìyàwó Ràmọ́nì ò tíì pé ogójì ọjọ́ tó bímọ. Àsìkò yìí gan-an tí àwọn ilé ìwé fẹ́ wọlé, tí ìwé àwọn ọmọ kún ilẹ̀ tí kò síbi tí a lè fẹsẹ̀ tẹ̀.

Ọjọ́-Iwájú pè wọ́n, ó ní kí wọ́n má pè é ní lílé. Ó ní òun tú wọn sílẹ̀ fún ọjọ́ iwájú wọn ni. Ràmọ́nì béèrè pé ọjọ́ wo nìyẹn.

Ẹni kan wọ gàárì, ẹni méjì rìn jáde. Kàsúmù dojú kọ ògiri, ó ń to ríìmù tó ti tò tẹ́lẹ̀.

Ọjọ́rú, 10 Oṣù Kẹsàn-án

Àlejò mẹ́ta láti Erékùṣù. Ọjọ́-Iwájú fẹ́ kí wọ́n bá òun dá òwò pọ̀. Kò fi ìwé kankan tí a tẹ̀ hàn wọ́n. Kàsúmù ló fi hàn wọ́n. Bàbá, ẹ bẹ̀rẹ̀. Bàbá, ẹ dìde. Ẹ jọ̀ọ́, lẹ́ẹ̀kan sí i, kí wọ́n lè rí i dáadáa nínú fóònù. Kàsúmù ń bẹ̀rẹ̀, ó ń dìde, ó ń rẹ́rìn-ín sí wọn. Ọ̀kan nínú wọn fọwọ́ gbá irin ẹ̀yìn rẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn ń yẹ àgbò wò nígbà Iléyá.

Nígbà tí a ń jẹun ọ̀sán, mo sọ fún un pé ojú ń tì mí fún un. Mo ní, Bọ̀ọ̀dá Kàsúmù, ẹ ò rí i pé wọ́n ń fi yín ṣe ìran ni?

Ó jẹun tán kó tó dáhùn. Ó ní, "Látí, ojú lè máa ti gbogbo yín. Ojú ò ti ẹ̀yìn mi."

Mo kó abọ́ mi, mo padà sí sítóò. Kò pẹ́ tí ẹṣin fi ń fẹ́ràn gàárì.

Jímọ̀, 12 Oṣù Kẹsàn-án

Kàsúmù bọ́ gàárì sílẹ̀ kó tó lọ kírun Jímọ̀. Bàtà rẹ̀ ti wọ abẹ́ tábìlì. Ó ń fi ẹsẹ̀ wá a, ó fi ẹsẹ̀ fà á jáde, ó pẹ́ kó tó rí i wọ̀. Kò bẹ̀rẹ̀. Mo ṣe bí ẹni tó ń ka pléètì.

Ìṣẹ́gun, 16 Oṣù Kẹsàn-án

Pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló wà láàárín sítóò mi àti ọ́fíìsì ọ̀gá. Mi ò wá ọ̀rọ̀ kiri, ọ̀rọ̀ ló ń wọlé bá mi.

Kàsúmù lọ bẹ̀ ẹ́. Ó ní kó jọ̀ọ́ jẹ́ kí òun máa wọ ẹ̀rọ náà lọ sí mọ́ṣáláṣí ní ọjọ́ Jímọ̀, kò ní pé wákàtí méjì, òun á dá a padà fúnra òun. Ọjọ́-Iwájú ní ó wu òun o, àmọ́ ìwé àdéhùn ní kò gbọdọ̀ jáde nínú ọgbà. Ó ní kí wọ́n wò ó bí irinṣẹ́. "Bàbá, ṣé ẹ lè gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lọ sí mọ́ṣáláṣí?" Ó fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Kàsúmù dúpẹ́. Ó tún dúpẹ́.

Kí ló fẹ́ fi gàárì ṣe ní mọ́ṣáláṣí? Ṣé ríìmù wà níbẹ̀ ni? Àgbà tó ń wá ẹni tó máa fi agbára tó yá hàn. Mo ti mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ pípẹ́ wá, mi ò mọ̀ pé ó fẹ́ràn àṣehàn báyìí.

Ọjọ́rú, 17 Oṣù Kẹsàn-án

Mo fi Kàsúmù ṣe yẹ̀yẹ́ lójú ara rẹ̀. Mo ní, ẹ ti fẹ́ máa fi gàárì kírun báyìí.

Kò bínú. Ó jókòó sórí ríìmù bébà, ó wo ilẹ̀kùn bóyá ẹnìkan ń bọ̀. Ó ní ó ti di ọdún méjì àti oṣù mẹ́ta tí iwájú orí òun ti kan ilẹ̀ gbẹ̀yìn. Àga ni òun fi ń kírun, lẹ́yìn pátápátá, láàárín àwọn arúgbó àti aláìsàn. Ó ní bí òun bá lọ sílẹ̀, òun ò ní lè dìde. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí ní Ladi-Lak, nínú yàrá òun. Bàlíkísù ọmọ rẹ̀ ti lọ sọ́jà. Ilẹ̀ ló wà títí ọmọ fi dé. Ó ní níbi iṣẹ́, Ràmọ́nì ló máa ń gbé ríìmù tó wà nílẹ̀ lé òun lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀.

Ó ní, "Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé nǹkan yìí wọ̀ mí, tí mo bẹ̀rẹ̀, tó gbé mi dìde, kì í ṣe ríìmù ni mo rò."

Ó ní ohun tó dun òun ni pé ara òun ti yá, àmọ́ ilé iṣẹ́ yìí nìkan ló ti yá. Aago márùn-ún lù, òun bọ́ ọ sílẹ̀, òun á di arọ padà.

Wọ́n ṣe ẹ̀rọ tó lè mú ọkùnrin kan dá ṣáṣá, wọ́n wá tì í mọ́nú ọgbà kó má baà dá fún ara rẹ̀. Tí wọ́n bá ní kí n sọ ohun tó ń rùn jù ní Ṣómólú, mi ò ní mẹ́nu ba gọ́tà.

Jímọ̀, 19 Oṣù Kẹsàn-án

Mo ṣe é. Kí n kọ ọ́ bó ṣe rí.

Ọjọ́-Iwájú ti lọ sí Erékùṣù lẹ́yìn àwọn àlejò rẹ̀. Aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú ogójì, mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Mo pe Kàsúmù wọ sítóò, mo ti ilẹ̀kùn. Mo ní, ẹ wọ̀ ọ́, ẹ fi jalábíà lé e. Ó ní "Látí, rárá." Mo ní kó má fi àsìkò ṣòfò, wọ́n ti ń pèrun. Èmi ni mo so okùn itan. Èmi tí mo ti bú u tó bẹ́ẹ̀.

Mo tẹ̀lé e lẹ́yìn, mo lọ sí òkè mọ́ṣáláṣí níbi tí àwa obìnrin máa ń wà. Fèrèsé kan wà níbẹ̀ tó kọjú sí ìsàlẹ̀. Kí Ọlọ́run foríjì mí, mi ò gbọ́ ohun kan nínú kútúbà tí Lèmọ́mù fi ń wàásù. Òun ni mo ń wò. Ó kọ́kọ́ lọ síbi àga rẹ̀, bó ṣe mọ́ ọn lára. Ó dúró tì í. Ó wá rìn síwájú, ó kọjá àwọn aláìsàn, ó lọ dúró sí sàfù kẹta láàárín àwọn ọkùnrin.

Nígbà tí wọ́n fi orí kanlẹ̀, mo di fèrèsé mú. Ó lọ sílẹ̀. Ó lọ sílẹ̀ pátápátá. Lèmọ́mù ti pè wọ́n dìde, ó ṣì wà nílẹ̀, mo ní ó ti tán, ó ti há. Àṣé kò fẹ́ dìde ni. Ó wá dìde wẹ́rẹ́ bí ọmọ ogún ọdún. Ọkùnrin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń wá ohun tó ń kùn kiri.

Wọ́n kírun tán, àwọn èèyàn ń jáde, Kàsúmù tún dúró, ó ń kí nàfílà ti ara rẹ̀. Raká mẹ́fà. Mo ń wo aago.

Nígbà tó bọ́ gàárì sílẹ̀ nínú sítóò, eruku wà níwájú orí rẹ̀. Mi ò sọ fún un kó nù ún.

Àbámẹ́ta, 20 Oṣù Kẹsàn-án

Mo sùn di aago mẹ́sàn-án. Ó ti pẹ́ tí mo ti sùn bẹ́ẹ̀.

Ajé, 22 Oṣù Kẹsàn-án

Tábúlẹ́ẹ̀tì dé ní aago mẹ́wàá. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó wọlé bá Ọjọ́-Iwájú, ìṣẹ́jú díẹ̀, wọ́n pe gbogbo wa.

Àṣé gàárì náà ń kọ ìwé ìrántí tirẹ̀. Gbogbo ibi tó lọ, gbogbo bó ṣe tẹ̀, ó ń fi ránṣẹ́. Ọmọ náà kà á fún wa pẹ̀lú ohùn tí wọ́n fi ń ka èsì ìdánwò: ọjọ́ Jímọ̀, ẹ̀rọ jáde nínú ọgbà, ó padà ní aago méjì kọjá. Ó tẹ̀ ní ìgbà mẹ́rìnlélógún. Kò gbé ẹrù kankan. "Títẹ̀ láìlẹ́rù," ó ní. Ó ní abẹ́ agbára tó ṣòfò ni wọ́n ń kọ irú ẹ̀ sí.

Agbára tó ṣòfò. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu.

Ọjọ́-Iwájú béèrè pé ta ló ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Kò tíì pa ẹnu dé tí Kàsúmù fi sọ̀rọ̀. Ó ní òun ni. Ó ní òun mú kọ́kọ́rọ́ nínú báàgì Ìyá Ameer nígbà tí mo lọ ṣe àlùwàlá, mi ò mọ ohunkóhun nípa rẹ̀.

Gbogbo ojú yí sí mi. Ọjọ́-Iwájú ní, "Màmá, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Mo wo ilẹ̀. Mi ò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Mi ò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Wọ́n gbà á bí bẹ́ẹ̀ ni.

Kí aago méjìlá tó lù, ó ti lọ. Ó kó abọ́ oúnjẹ rẹ̀, jalábíà rẹ̀ àti rédíò kékeré rẹ̀ sínú ọ̀rá kan. Ó kí mi pé ó dàbọ̀ níwájú gbogbo wọn, bí èèyàn ṣe máa ń kí ẹni tó ṣẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo ti ń sọ gbogbo ènìyàn lórúkọ nínú ìwé yìí. Mo jókòó láti àárọ̀ kí n sọ ara mi náà lórúkọ. Mi ò tíì rí èyí tó burú tó.

Ìṣẹ́gun, 23 Oṣù Kẹsàn-án

Mo lọ síbi iṣẹ́. Mo jẹun. Mo padà sílé.

Ọjọ́rú, 24 Oṣù Kẹsàn-án

Wọ́n pe Ràmọ́nì padà. Ó wọlé pẹ̀lú ẹ̀rín, ó ní Ọlọ́run ti dá ẹjọ́ náà. Mi ò dá a lẹ́bi. Ọmọ tuntun ń bẹ nílé.

Ó kúrú ju Kàsúmù lọ. Tábúlẹ́ẹ̀tì dín okùn itan, ó fa bẹ́líìtì wọlé, ó tẹ nǹkan méjì lójú tábúlẹ́ẹ̀tì, ó ní "Ó ti parí." Mo wo aago ara ògiri. Ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n kúrò nínú gàárì láàárín ìṣẹ́jú mẹ́rin.

Ọjọ́bọ̀, 25 Oṣù Kẹsàn-án

Mo wọ ọ́fíìsì Ọjọ́-Iwájú láàárọ̀. Mi ò jókòó. Mo ní, Ọ̀gá, èmi ni mo fún Bọ̀ọ̀dá Kàsúmù ní ẹ̀rọ yẹn. Kò mú kọ́kọ́rọ́ kankan nínú báàgì mi.

Kò gbójú kúrò lójú fóònù. Ó ní, "Mo mọ̀, Màmá. Kámẹ́rà wà lókè ilẹ̀kùn sítóò."

Mo ní, kí ló wá dé tí ẹ fi lé e?

Ìgbà yẹn ló tó wò mí. Kò tilẹ̀ le mọ́ mi. Ó ń ṣàlàyé bí ẹni tó ń kọ́ ìyá rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń fi fóònù ránṣẹ́. Ó ní ẹ̀rọ yẹn kì í ka ẹrù nìkan, ó ń ka ẹni tó wọ̀ ọ́. Nínú gbogbo ohun tí Bàbá gbé, ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá, ẹ̀rọ ló gbé e. Ẹ̀yìn wọn ti parí. Bó pẹ́ bó yá wọ́n á ṣubú síbí, á wá di ẹjọ́ sí òun lọ́rùn. Ó ní láti bí ọjọ́ mélòó kan ni òun ti ń wá bí òun á ṣe sọ ọ́. "Bàbá fúnra wọn ló bá mi wá ọ̀nà ẹ̀. Àmọ́ ẹ̀yin, mo nílò yín. Ẹ̀yin lẹ mọ ibi tí gbogbo nǹkan wà. Ẹ jẹ́ ká gbàgbé ẹ̀."

Ó dárí jì mí. Ọmọ tí mo ra bisikíìtì fún nígbà tó wà ní nọ́sìrì.

Mo gbé kọ́kọ́rọ́ lé orí fóònù rẹ̀, mo jáde. Mo fẹsẹ̀ rìn dé Onípàánù, mi ò wọ kẹ̀kẹ́. Inú mi dùn sí ara mi. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ kí n lè rántí bó ṣe rí.

Jímọ̀, 26 Oṣù Kẹsàn-án

Ladi-Lak. Bàlíkísù ló ṣílẹ̀kùn. Bàbá rẹ̀ wà lórí àga, ó ń kí Àsárì. Mo dúró kó parí.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Bí mo ṣe dákẹ́ lọ́jọ́ Ajé, bí mo ṣe lọ jẹ́wọ́, kámẹ́rà, kọ́kọ́rọ́ lórí fóònù. Mi ò ní purọ́ nínú ìwé ara mi: mo ń retí kó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ó ní, "Ta ló rán ọ?"

Mi ò rí i kó bínú rí. Kò pariwo. Ó ní ìdí tí òun fi tètè sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Ajé ni kí n má baà ní láti yan ohunkóhun. Ó ní òun mọ̀ mí, tí òun bá dákẹ́ díẹ̀ sí i, màá sọ̀rọ̀, àwa méjèèjì la ó jọ máa jókòó sílé. "Èmi ti parí, Látí. Mo mọ̀ kí ẹ̀rọ kankan tó sọ ọ́. Ìwọ ò tíì parí. Ameer ṣì ku ọdún méjì. Mo fi iṣẹ́ mi ra tìẹ. O wá lọ jù ú sórí tábìlì ọmọdé, torí o fẹ́ kí ọkàn rẹ fúyẹ́."

Mo ní mi ò lè máa rí ojú wọn lójoojúmọ́. Ó ní láti ìgbà tí òun ti mọ̀ mí ni mi ò ti lè rí ojú ẹnikẹ́ni, mo ń gàn wọ́n láti orí dé ẹsẹ̀, àmọ́ mo máa ń dé síbi iṣẹ́ ní aago mẹ́jọ. Ó ní kí n padà lọ́jọ́ Ajé. Kí n bẹ ọ̀gá.

Bàlíkísù gbé omi wá. Nígbà tí mo dìde, mo ní, ọjọ́ Jímọ̀ yẹn, ẹ̀rọ ní ìgbà mẹ́rìnlélógún. Ó ní irọ́ ni, rúkúù, ti fífi ọwọ́ kan orúnkún, wà nínú ẹ̀. Ìforíkanlẹ̀ jẹ́ mẹ́rìndínlógún. Òun náà kà á. Ìgbà yẹn nìkan ló rẹ́rìn-ín.

Àìkú, 28 Oṣù Kẹsàn-án

Ameer pè láti Ìlọrin. Ó ní báwo ni ibi iṣẹ́. Mo ní a dúpẹ́.

Ajé, 29 Oṣù Kẹsàn-án

Mo padà.

Láti Ọbánikòró ni mo ti ń to ẹ̀bẹ̀ sẹ́nu. Mo ti mọ ibi tí màá ti kúnlẹ̀, mo ti mọ èyí tí màá kọ́kọ́ sọ. Ọjọ́-Iwájú ò jẹ́ kí n lò ó. Ó ní, "Ẹ káàárọ̀, Màmá, bébà tuntun ti dé," ó na kọ́kọ́rọ́ sí mi. Ó ti fi òwú pupa so ó kó má baà sọnù. Ó ti mọ̀ pé màá padà. Ì bá sàn kó bú mi.

Mo ṣí sítóò. Ràmọ́nì ti wọ gàárì, ó ń bọ̀ wá kó ríìmù. Ọmọ Ọ̀yọ́ tí wọ́n kọ́ dáadáa nílé. Ó rí mi, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, àyà rẹ̀ kan sìmẹ́ńtì, irin náà kùn, ó gbé e dìde. Ó ní ẹ káàbọ̀, Ìyá wa, a ti ń wá yín.

Mo ní kó má dọ̀bálẹ̀ kí mi mọ́. Kó máa dúró kí mi.

Ó rò pé mò ń bínú sí òun. Ó tún fẹ́ lọ sílẹ̀ láti bẹ̀ mí. Mo di apá rẹ̀ mú, mo sọ fún un pé gbogbo títẹ̀ láìlẹ́rù ni wọ́n ń kà.